Mégádì Ímeèlì Ilé-Ìwòsàn Ìfọ̀kànbalẹ̀

Bí ẹ bá dé Ìkàrẹ́ tí ẹ béèrè Ilé-Ìwòsàn Ìfọ̀kànbalẹ̀, ọlọ́kadà èyíkéyìí yóò gbé yín dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìfọ̀kànbalẹ̀ gan-an lẹ bá wá, ẹ má yà sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Déwùnmí Fálúyì ló wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ìwòsàn náà, ti Ìkàrẹ́ àti ti ẹ̀ka wọn tó wà ní Ọ̀kà. Obìnrin yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fìdí jókòó. Bí iná bá ṣẹ́jú, ó ti dìde. Bí fóònù bá dún ní yàrá kejì, òun ni yóò kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ló dé?" Àwọn nọ́ọ̀sì ní bó bá jẹ́ pé aláìsàn ni, àwọn ì bá ti gún un lábẹ́rẹ́ oorun.

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ náà. Ṣúpárè ni wọ́n ti bí i, àgbẹ̀ oníṣu sì ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, àwọn àgbà ń sinmi lábẹ́ igi lóko, Déwùnmí ní òun gbóòórùn èéfín. Wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́, pé àwọn kan ló ń sun igbó lókèèrè. Kò jókòó. Ó pariwo títí bàbá rẹ̀ fi fìbínú dìde láti nà án, ìgbà tí bàbá dìde tán ló tó rí i pé iná ti ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn àká iṣu. Wọ́n pa iná náà, iṣu ọdún yẹn kò jóná, gbogbo àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ojúkìísùn. Ọmọ tí wọ́n bá ti yìn nítorí ariwo, ariwo náà ni yóò máa pa dàgbà.

Ó kàwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì Àkùngbá, ó sì fẹ́ Kareem, olùkọ́ ìṣirò kan ní Ìkàrẹ́, ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ilé bá ń jó, yóò kọ́kọ́ wá bàtà rẹ̀. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu bí àwọn méjèèjì ṣe ń gbé pọ̀. "Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń ṣe," ni ìyá Kareem máa ń wí. "Bí ẹni méjì bá ń sáré nínú ilé kan, ṣebí wọn á kọlu ara wọn ni."

Lọ́dún tó kọjá, ilé-ìwòsàn náà ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn. Ó ní orúkọ òyìnbó gígùn kan, ṣùgbọ́n Déwùnmí sọ ọ́ ní Mégádì, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Gbogbo ímeèlì tó bá ń lọ láàárín Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, ìbáà ṣe èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìbáà ṣe ìpè ìpàdé, iwájú Mégádì ni yóò gbà kọjá. Mégádì kò mọ olè lójú. Ìwà olè ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n ti kó gbogbo ọgbọ́n tí àwọn olè orí ayélujára ń lò sínú rẹ̀, bí ohun tó ń kọjá bá sì ti jọ ọ̀kan nínú wọn, yóò ké. Ìkìlọ̀ pupa á yọ lójú kọ̀ǹpútà Déwùnmí, á tún dún lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n lè ní kó máa ké lásán, kó jẹ́ kí nǹkan náà máa kọjá lọ. Wọ́n sì lè ní kó máa ké, kó tún máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tí kò fẹ́ ariwo kò lè bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbé, àmọ́ òun àti Déwùnmí mọwọ́ ara wọn.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, Mégádì figbe ta. Ìkìlọ̀ pupa kan yọ, òmíràn tẹ̀lé e, wọ́n ń tò bọ̀ bí ìjàlọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí: ẹnìkan fẹ́ já wọ sáfà ímeèlì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba ímeèlì gbogbo ilé-ìwòsàn tó sì ń pín in. Déwùnmí wo ibi tí wàhálà náà ti ń wá. Ọ̀kà ni. Ó tún un wò dáadáa, ó rí i pé kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá Munir ni.

Munir ni ọ̀dọ́kùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ka Ọ̀kà. Déwùnmí fúnra rẹ̀ ló mú un wọṣẹ́ nígbà tó jáde ní Àkùngbá, òun náà ló kọ́ ọ ní iṣẹ́. Àǹtí Déwùnmí ni Munir ń pè é, bí wọ́n bá sì ti wa iṣu tuntun ní Ọ̀kà, ti Àǹtí Déwùnmí á kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Gbogbo ímeèlì ẹ̀ka Ọ̀kà ló máa ń gba inú kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá rẹ̀ kó tó wá sí Ìkàrẹ́, Déwùnmí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó gbé fóònù kó pe ọmọ náà. Ojúkìísùn kò pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ti gbá a mú, iná ló ń rí lẹ́yìn àká. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, ó ti kọ̀wé sí Dókítà Ọlábímtán, ọ̀gá àgbà ilé-ìwòsàn náà, pé ẹnìkan ń gbógun ti ímeèlì àwọn láti yàrá Munir.

"Má jẹ́ kó kọjá mọ́," ni Dókítà wí. "Ti ilẹ̀kùn."

Déwùnmí pàṣẹ fún Mégádì pé kó máa tì í. Ó rò pé ọkàn òun á balẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò balẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀ ilé-ìwòsàn náà ni Olóyè Fágbénró, ọmọ bíbí Ọ̀kà, ẹnjiníà tó ṣe ọ̀nà títí fi fẹ̀yìn tì, àgbàlagbà tí kì í fi ọ̀rọ̀ oyè ṣeré. Ẹ̀ka Ọ̀kà ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, akọ̀wé rẹ̀ tó ń jẹ́ Eunice ló sì máa ń bá a fi ímeèlì ránṣẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, bàbá pe ìpàdé ìgbìmọ̀. Ó wọ agbádá, ó jókòó sórí àga ọlá, Eunice to omi tútù síwájú àga kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò wá. Bàbá jókòó títí omi fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó fi fóònù pe àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, gbogbo wọn búra pé àwọn kò rí ímeèlì kankan gbà.

"Wọ́n ń gbé ímeèlì mi pamọ́!" Ohùn bàbá dé títì. "Nínú ìlú mi! Èmi!"

Dókítà Ọlábímtán kò ní nǹkan mìíràn tó lè fi tu bàbá lójú ju ohun tí Déwùnmí kọ lọ. Ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Munir ló ń gbógun ti ímeèlì, Munir náà ló ń gbé ti Alága pamọ́, ta ni yóò tún béèrè ẹ̀rí? Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Eunice tún fi fóònù pe àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìpàdé Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e. Bí ìgbìmọ̀ bá ti lè fẹnu kò, wọn á lé Munir, wọn á sì fà á fún ọlọ́pàá. Ọ̀kà kì í ṣe Èkó. Bí wọ́n bá fi olè pe èèyàn níbẹ̀ ní àárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ẹni tó ń ta búrẹ́dì á ti máa fọwọ́ di àpótí rẹ̀ mú bí ẹni náà bá ń bọ̀.

Nígbà tí Munir wà nílé tí yàrá rẹ̀ sì wà ní títì pa, Mégádì tún ké.

Déwùnmí fò dìde débi pé àga rẹ̀ ṣubú. Ó wo ìkìlọ̀ náà. Ọ̀kan náà ni, láti kọ̀ǹpútà kan náà. Olè ti kúrò níbẹ̀, ariwo kò kúrò. Ó sáré gòkè lọ bá Dókítà.

"Ẹ ò rí i, sà, ọmọ yẹn kò sí níbẹ̀, ó ṣì ń ṣẹlẹ̀."

"Ó ti fi nǹkan sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà ni," Dókítà dáhùn láìgbójú sókè. "Déwùnmí, má da ara rẹ láàmú. O ti ṣe iṣẹ́ rẹ."

Ẹni tí wọ́n bá ní kó má da ara rẹ̀ láàmú ti gba ìwé ẹ̀rí ìdààmú nìyẹn. Ó rìn yí ọgbà ilé-ìwòsàn ká. Ó padà sí yàrá, ó tún jáde. Tó bá jẹ́ pé kì í ṣe Munir ńkọ́? Tó bá sì jẹ́ pé òun ni ńkọ́? Èyí tó wù kó jẹ́, òun lòun fi orúkọ ọmọ náà síbẹ̀.

Nílé, Kareem ń jẹ iyán rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́ bó ti máa ń ṣe. Déwùnmí kò lè jẹ. Ó ń tò ó bí ẹni tó ń ka èjẹ́: Mégádì, Munir, Alága, Mégádì. Kareem gbọ́ ọ títí.

"Kí ni Munir fúnra rẹ̀ sọ?"

"Nípa kí ni?"

"Nípa ohun tí wọ́n ní ó ṣe."

Déwùnmí ti àwo iyán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kareem fi òkèlè dúró lọ́nà ẹnu. "O ò bi í? Déwùnmí, àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ̀ pé agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀rọ ló wá rojọ́ fún ọ, o sì dájọ́ fún un lọ́gán." Ó jẹ òkèlè náà, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà gún Déwùnmí, nítorí òótọ́ ni, ó sì dùn ún pé ẹni tí kì í yára rárá ló tètè dé ibi tí òun kò dé.

Ọjọ́rú ni, ìpàdé ku ọ̀la. Ó gba àṣẹ níbi iṣẹ́, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀kà. Ọlọ́kadà náà wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè tuntun tí wọ́n ya àwòrán Olóyè Fágbénró sẹ́yìn rẹ̀. Ó ń fi yangàn bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àkùngbá. "Bàbá Ìsàlẹ̀ wa nìyẹn o, madam. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bàbá joyè ni. Ọjọ́ Sátidé yẹn, gbogbo ọ̀nà dí!" Déwùnmí kò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ. Àwọn àpáta Ọ̀kà ti ń yọ lókèèrè, bí wọ́n sì ṣe ń sún mọ́ wọn ni ọkàn rẹ̀ ń gbé e padà sẹ́yìn.

Tàwàkálítù, ìyá Munir, ló ń rán aṣọ ilé-ìwé níwájú ilé wọn. Nígbà tó rí Déwùnmí, ó dìde pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá ọmọ mi. Ọlọ́run ló rán yín wá. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́." Ó fi aṣọ nu àga. "Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yìí, ẹ̀yin lẹ mú un síṣẹ́. Ta ni ẹni ibi yẹn tó jókòó sí Ìkàrẹ́ tó kọ̀wé pé ọmọ mi ń jalè?"

Déwùnmí kò tíì jókòó. Ojú tì í débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ lanu. Ó lè ní òun kò mọ̀ ọ́n. Irọ́ náà ti dé ọ̀fun rẹ̀, ó kọ̀ kò jáde.

"Èmi ni, màmá."

Obìnrin náà wò ó. "Ẹ̀yin?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Tàwàkálítù padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó fi èdè Ọ̀kà pe ọmọ rẹ̀ tó wà nínú ilé, gbólóhùn kan péré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà. Kò tún wo Déwùnmí mọ́.

Munir jáde. Ó ti rù. Ó kí i, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, nítorí ilé ló ti kọ́ ẹ̀kọ́, ìbínú kò sì tíì gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jókòó. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún ṣáá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Munir, kí lo ṣe?"

"Ẹ̀ bá ti bi mí tẹ́lẹ̀, Àǹtí. Fóònù mi kò kú." Kò wo ojú rẹ̀. "Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Mégádì kò tíì dákẹ́, ìpàdé sì ni lọ́la. Bá mi rò ó. Ọjọ́ Ajé yẹn, kí lo fọwọ́ kàn? Kó kéré bó ṣe lè kéré."

Ó ronú. "Kò sí. Mo tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Eunice ṣe. Mo pààrọ̀ wáyà kan. Àti orúkọ bàbá tí mo tún kọ."

"Orúkọ bàbá wo?"

"Ti Alága. Bí ímeèlì wọn bá dé ọ̀dọ̀ èèyàn tẹ́lẹ̀, 'Chairman' lásán ló máa ń hàn níwájú rẹ̀. Inú bí wọn. Wọ́n ní àwọn ha jẹ́ àga bí, tí wọ́n ń pe àwọn bẹ́ẹ̀? Ni mo bá kọ orúkọ wọn sí i pẹ̀lú oyè. Bí wọ́n bá jẹ òmíràn, wọ́n á ní kí n fi kún un. Ọjọ́ Ajé yẹn ni mo fi ti àwọn ọlọ́kadà sí i, èyí tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ Sátidé."

Déwùnmí dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó yọ kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ nínú báàgì. Mégádì máa ń gé díẹ̀ pamọ́ nínú ohunkóhun tó bá ké sí, kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lè fojú ara rẹ̀ rí i. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kéèyàn ṣí i. Láti ọjọ́ tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, Déwùnmí kò ṣí i rí. Àkọlé pupa nìkan ló ń kà, ó ń kà á, ó ń sáré. Ó ṣí i wàyí níwájú ilé Tàwàkálítù, òun àti Munir sì jọ tẹjú mọ́ ọn.

Kò sí ohun ìjà kankan níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìpè ìpàdé ti wá láti ọ̀dọ̀ Olóyè Àgbà Ẹnjiníà Josiah Fágbénró, J.P., Bàbá Ìjọ, Bàbá Ẹgbẹ́ Akọrin, Agbátẹrù Ẹgbẹ́ Àwọn Ọdẹ, Asíwájú Àwọn Ọmọ Bíbí Ọ̀kà Nílé Lóko, Ọ̀rẹ́ Àwọn Aláìsàn, Bàbá Ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọlọ́kadà. Mégádì ò jẹ́ kó parí. Ibi 'Ọlọ́kadà' ló ti gé e.

"Yéè," Munir wí.

Déwùnmí ti lóye. Ọgbọ́n àwọn olè kan ni pé wọ́n á kó ọ̀rọ̀ kún àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ, títí àyè náà yóò fi kún àkúnwọ́sílẹ̀, bí ẹní ń rọ epo sínú ìgò tó ti kún. Èyí tó bá dà sílẹ̀ ni sáfà lè gbà bí àṣẹ, olè á sì ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ Mégádì pé kó fura sí orúkọ tó bá ti gùn ju ìwọ̀n lọ. Ẹni tó kọ́ ọ kò gbé ilẹ̀ Àkókó wa níbí rí. Kò mọ̀ pé èèyàn gidi lè ní orúkọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀, kó sì tún máa dàgbà sí i lọ́jọ́ Sátidé.

Wọ́n pe Eunice lórí fóònù. Eunice fi ímeèlì kan ránṣẹ́ ní orúkọ Alága bó ṣe wà, Mégádì ké. Munir sọ bó ṣe lè yí i fún un, ó fi òmíràn ránṣẹ́ pẹ̀lú 'Fágbénró' nìkan. Fóònù Déwùnmí dákẹ́ wẹ́lo. Ìgbà yẹn ló tó yé e, bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù lé e lórí, pé ilẹ̀kùn tí òun tì lọ́jọ́ Ajé ni kò jẹ́ kí ìpè bàbá kọjá. Òun ló mú kí bàbá jókòó ti omi tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun tí wọ́n fi ń pe Munir lólè, ọwọ́ òun náà ló ti wá.

Ó pe Dókítà Ọlábímtán, ó ṣàlàyé. Dókítà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

"Ta ni yóò sọ fún bàbá pé oyè wọn pọ̀ jù? Kì í ṣe èmi o. Wò ó, jẹ́ ká ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ká ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. A ò ní pe ọlọ́pàá mọ́."

Déwùnmí wo Munir, ó wo ìyá rẹ̀ tó ti dẹ́kun àtirán aṣọ tó sì ń tẹ́tí. "Rárá, sà," ó wí. "Màá sọ ọ́."

Ní Ọjọ́bọ̀, yàrá ìpàdé kún. Munir dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n ní kó dúró sí. Nígbà tí wọ́n pe Déwùnmí, ó lọ sí iwájú Olóyè Fágbénró, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹ má bínú, bàbá. Kò sí olè. Munir kò ṣe nǹkan kan. Orúkọ yín ni ẹ̀rọ náà ń ké sí."

Ẹnìkan wúkọ́. Dókítà Ọlábímtán ń wo àjà.

"Orúkọ mi," bàbá tún un wí. "Èwo nínú oyè mi ni olè?"

"Kò sí olè nínú wọn, bàbá. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ ló kéré. Bí orúkọ bá ti gùn kọjá ìwọ̀n kan, ẹ̀rọ náà á rò pé olè ló ń bọ̀. Nígbà tí a fi ti àwọn ọlọ́kadà kún un, ó kọjá ìwọ̀n."

"Ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò wá ńkọ́?"

"Èmi ni. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ìpè yín, mi ò sì wo ohun tí mo ń ti ilẹ̀kùn mọ́. Mo kọ orúkọ ọmọ yìí síwèé láìbi í léèrè. Bí ìyà bá wà, èmi ni kí ẹ fi jẹ."

Nílẹ̀ wa, ta ni í sọ fún àgbà níwájú àwùjọ pé orúkọ rẹ̀ pọ̀ jù? Déwùnmí wolẹ̀, ó ń retí kí àrá sán.

"Eunice," bàbá pè. "Ka orúkọ náà fún mi bó ṣe wà níbẹ̀."

Eunice kà á. Ó kà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láti Olóyè Àgbà dé Ọlọ́kadà, ó sì ní láti mí láàárín. Bàbá fọwọ́ lérán, ó gbọ́ ọ tán.

"Ó gùn," ó wí. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá kò bínú. "Nígbà tí mo ń ṣe ọ̀nà, a máa ń fi irin dábùú ọ̀nà ṣáájú afárá tí kò lágbára. Bí ọkọ̀ bá ga ju irin náà lọ, kì í ṣe irin ló jẹ̀bi. Ẹ kọ Fágbénró síbẹ̀. Ìyẹn náà ni bàbá mi ń jẹ́. Ẹ kó àwọn tó kù lọ sísàlẹ̀ níbi tí mo ti ń buwọ́ lù ú, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ mí yóò kà á débẹ̀." Ó gbójú sókè sí ẹnu ilẹ̀kùn. "Ìwọ, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Ó parí. Wọ́n kọjá sórí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Nínú gbogbo àwọn tó fi olè pe ọmọ náà, kò sí ẹnìkan tó bẹ̀ ẹ́. Déwùnmí lé e bá ní kọ́rídọ̀.

"Munir, má bínú. Mo jẹ̀bi, dárí jì mí."

"Ó ti tán, madam," Munir wí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀.

Madam. Láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Déwùnmí dúró ní kọ́rídọ̀ náà, ó ń dùn ún ju bí ẹni pé ọmọ náà bú u lọ. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Iṣu tuntun dé lọ́dún náà, àwọn ará Ọ̀kà wà á, kò sí èyí tó dé Ìkàrẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Mégádì tún figbe ta. Ìkìlọ̀ tuntun ni lọ́tẹ̀ yìí, irú èyí tí Déwùnmí kò rí rí, ṣùgbọ́n ibi àtijọ́ náà ló ti ń wá: Ọ̀kà, yàrá Munir. Ó ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí nọ́ńbà Dókítà. Ó mú un kúrò níbẹ̀. Ó ṣí ohun tí Mégádì gé pamọ́, ó kà á, ó tún un kà, kò yé e. Ó tẹ nọ́ńbà mìíràn.

"Ẹ káàárọ̀, madam." Ohùn Munir lọ sílẹ̀. "Kí ni wọ́n tún ní mo ṣe?"

Omi lé ròrò sójú Déwùnmí. "Wọn ò ní o ṣe nǹkan kan," ó wí. "Mégádì ló ń ké, ohun tó ń wí kò sì yé mi. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ pè."

Lórí kọ̀ǹpútà, ìkìlọ̀ pupa kan tún yọ, òmíràn tẹ̀lé e.

"Ẹ mú sùúrù," Munir wí níkẹyìn. "Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó."

Déwùnmí gbé fóònù létí. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ara, ó jókòó, ó sì ń dúró dè é.